Ta ló mọ arebica àwọn Bosniak?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtàn àwọn Bosniak ilẹ̀ Bosnia ni mò ń kà lọ́wọ́. Lábẹ́ ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn ará Tọ́kì àtijọ́, wọ́n máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè wọn. Arebica ni wọ́n ń pè é. Ó wú mi lórí gan-an, torí bàbá tó bí bàbá mi náà fi ànjẹ̀mí, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, kọ Yorùbá. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ fáwẹ̀lì wọn níbẹ̀?

Ohun kan tún kù. Nínú ètò ìkànìyàn 1971 ní Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Bosnia wà nínú rẹ̀ nígbà náà, "Mùsùlùmí" ni orúkọ ẹ̀yà wọn. 1993 ni wọ́n mú orúkọ Bošnjak (bí wọ́n ṣe ń kọ Bosniak lédè wọn) padà. Ẹni tí kì í kírun nínú wọn ńkọ́, ṣé Bošnjak lòun náà? Ẹni tó bá ti gbé Sarajevo, olú-ìlú Bosnia, rí, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.