Fọ́tò Bàbá mi níwájú Àpáta Zuma

Oṣù mẹ́jọ kí Bàbá mi tó papò dà, wọ́n wá kí wa ní Kubwa láti Ògbómọ̀ṣọ́. A gbé wọn lọ wo Àpáta Zuma lójú ọ̀nà Kaduna. Wọ́n lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, agbádá sányán lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́. Oòrùn mú, mi ò rìn sún mọ́ wọn. Ìdí ọkọ̀ ni mo dúró sí, mo fi ìka méjì fa ojú fóònù títí ó fi kọ 4×, mo yà á. Lójú fóònù, ó mọ́ kedere.

Nígbà tí ìsìnkú dé, àwọn àbúrò mi ní òun la máa fọ̀ ní ńlá, 16 × 20 ínǹṣì, torí ibẹ̀ nìkan ni Bàbá ti rẹ́rìn-ín. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fa ojú Bàbá tóbi, ó dákẹ́. Irùngbọ̀n funfun wọn ti lẹ̀ pọ̀ bí òwú tí omi bá, etí fìlà wọn sì ń wọnú àpáta lọ.

"Àǹtí, ẹ súùmù ni, àbí?"

Fóònù mi ò ju mégápíksẹ́lì 12 lọ, ìyẹn píksẹ́lì (àwọn àmì àwọ̀ tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) 4000 × 3000, lẹ́ńsì kan ṣoṣo. Súùmù rẹ̀ ò sún mọ́ nǹkan kan: àárín fọ́tò ló gé, 1000 × 750, ó wá fẹ̀ ẹ́ padà. Ìdá kan nínú 16! Fáìlì náà sì ń pe ara rẹ̀ ní 4000 × 3000, òun ló dùn mí jù. Nígbà tá a gé e ku orí àti àyà Bàbá, ojúlówó tó wà níbẹ̀ ò ju 400 × 500 lọ. Kí fọ́tò tó mọ́ dáadáa lọ́wọ́, píksẹ́lì bíi 300 ló yẹ kó wà nínú ínǹṣì kan. Tiwa ò ju ìwọ̀n pásípọ́ọ̀tù lọ. Ní 16 × 20, píksẹ́lì 25 péré ló máa wà nínú ínǹṣì kan.

Fọ́tò ìgbéyàwó mi la padà lò, èyí tí Bàbá ti fajú ro.

Ìdáhùn:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Àǹtí. Bàbá á yà lọ́dọ̀ yín. Kano ni mo wà. Lọ́jọ́ Hawan Daushe, ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń ṣe níbí nígbà ọdún Sálà, mi ò ráyè sún mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin, àmọ́ lẹ́ńsì kámẹ́rà mi fúnra rẹ̀ ló ń fa nǹkan mọ́ra, kì í gé píksẹ́lì. 6000 × 4000 ni. Mo gé e ku 3000 × 2000, ó ṣì fọ̀ dáadáa ní 6 × 9 ínǹṣì. Ṣé kò sẹ́lòmíì tó ya Bàbá lọ́jọ́ yẹn láti tòsí? Ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, torí WhatsApp máa ń sọ fọ́tò di kékeré.

Ìdáhùn:
Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Mo ti ń pè é.