Ẹ̀yin ará Houston, báwo lẹ ṣe ń mọ adájọ́ tí ẹ máa dìbò fún?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú ni, ìbò àkọ́kọ́ tí màá dì nìyí. Mo wo àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò Harris County, orúkọ adájọ́ lọ súà! Nílé, gómìnà ló ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, tí NJC (ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà) bá ti dábàá orúkọ. Ní Texas, adájọ́ ń polongo bí olóṣèlú (ó ṣì ń yà mí lẹ́nu), ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì wà lára orúkọ. Láti 2020, kò sí pé à ń tẹ ibì kan ṣoṣo láti dìbò fún gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ kan mọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń yàn wọ́n. Ibo lẹ ti ń mọ ẹni tó ń ṣẹjọ́ dáadáa, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́? Wọn ò sì gba fóònù níbi ìdìbò, ṣé mo lè kọ orúkọ sínú ìwé dání?