Ológbò inú àpò: ẹni tó bá ti ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún ará Iceland rí, wá sọ tìẹ

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kúulé o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí láti àná ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Kíṣìnnì hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Reykjavík, olú ìlú Iceland níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la máa ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ fáwọn àlejò, èmi àti màmá kan tó jẹ́ ọmọ ibí pọ́ńbélé la sì jọ máa ń wọlé ní aago mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbébí rí ẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí, òòrùn ò ní yọ títí aago mọ́kànlá á fi kọjá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ la fi máa ń lé oorun.

Màmá yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, kò sírọ́ ńbẹ̀. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, tẹlifíṣọ̀n wá parí ìyókù. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pòwe yẹn, ibẹ̀ ló máa ń há sí. Lọ́jọ́ kan àlejò kan láti London sọ fún un pé òun ti pèsè kéèkì ọjọ́ìbí ìyàwó òun ní bòókẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ti "let the cat out of the bag". Màmá sáré wọ kíṣìnnì, ó ní ológbò ti wọ inú hòtẹ́ẹ̀lì o. Mo ní rárá, àṣírí ló tú. Ó ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. Ṣé ẹ rí i, àwọn náà ní ológbò inú àpò tiwọn, "að kaupa köttinn í sekknum", pé èèyàn ra ológbò nínú àpò, ìyẹn ẹni tó ra ọjà láì tú u wò tó wá délé tó rí i pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Lójú tiẹ̀, tí ológbò bá ti jáde, a jẹ́ pé oníbàárà ti mọ̀ pé wọ́n yan òun jẹ nìyẹn, kí ló wá kan kéèkì.

Mo wá sọ fún un pé òyìnbó náà ní irú ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni tiwọn, "a pig in a poke". Ó ní kí n tún un pè. Poke? Ó ní "poki", àpò nìyẹn lédè àwọn! Inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Èmi tí mo ka Gẹ̀ẹ́sì dé yunifásítì, mi ò mọ̀ rí pé àpò ni poke yẹn, mo rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi ìka gún ni jàre. Ó bi mí pé kí ni Yorùbá ń sọ tí àṣírí bá tú, mo ní tiwa ò ní ẹran nínú, awo ló máa ń ya.

Bó ṣe ra ìwé kékeré kan nìyẹn o. Ó fa ìlà méjì sínú ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, tiwọn láàárín, tiwa lápá ọ̀tún. "The icing on the cake" wà ńbẹ̀, ìyẹn adùn tó tún gorí ohun tó ti dáa tẹ́lẹ̀, tiwọn ni "rúsínan í pylsuendanum", èso àjàrà gbígbẹ tó wà nídìí sọ́séèjì, mo bi í pé ta ló ń fi nǹkan dídùn sínú sọ́séèjì, ó kàn gbéjìká ni. "Windfall" náà wà ńbẹ̀. Òyìnbó rí èso tí atẹ́gùn fẹ́ já bọ́ lórí igi, àwọn ará ibí rí àbùùbùtán tí omi gbé jù sétí òkun, "hvalreki" ni wọ́n ń pè é, torí láyé ìyàn ìjọ́sí tí irú ẹ̀ bá gúnlẹ̀ sétí ilẹ̀ yín, gbogbo àdúgbò á jẹ ẹran yó. Mo ní kó kọ "oríire" sápá tiwa. Ó ní oríire yẹn ò ní ẹran lára.

Ọmọ Ìbàdàn:

Hahaha Ìyá Ìbejì ẹ ò ní pa mí. Tèmi burú jù. Ibi tí wọ́n ti ń sá orí ẹja gbẹ ní Reykjanes ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, orí ẹja tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà yẹn náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ń sebẹ̀ nílé, èmi ni mo bá yín tò ó. Bọ̀dá àgbà kan ló ń fiṣẹ́ hàn mí, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò pọ̀. Ó ní òun ní "three barn". Ilé tí wọ́n ń kó koríko àtẹran sí lèmi mọ barn sí, mo wá ń wò ó bí olówó, mo bi í pé àgùntàn mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣé ọmọ ni "barn" lédè wọn! Ó wò mí títí.

Ìyẹn ṣì kéré. Sístà kan ń bẹ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, mo bi bọ̀dá yìí nípa ẹ̀, kì í ṣe nǹkan burúkú o, mo kàn bèèrè ni. Ó ní "she is gift". Mo ní haa, Gift, orúkọ tó pọ̀ nílé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kí i ní "good morning Sister Gift", ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí ọkọ ẹ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Abilékọ ni "gift" lédè wọn. Bọ̀dá ti kìlọ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sọ ìkìlọ̀ dorúkọ.

Dírẹ́fà:

Ẹ ò tíì sọ ti ẹnu. Wọn ò ní "w", àwa ò ní "v". Èmi àti ọmọ ibí kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ la jọ ń gbé àwọn àlejò lọ wo Geysir, ìsun omi gbígbóná tó máa ń tú sókè látinú ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an lòyìnbó ti mú "geyser". Ó ń sọ̀tàn "willage" kan fún wọn lójú ọ̀nà, abúlé, "village", ló ń pè bẹ́ẹ̀, mo ní kí n bá a tún un ṣe, mo ní "fillage" ló fẹ́ sọ. Gbogbo bọ́ọ̀sì dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ yẹn la dá ilé ẹ̀kọ́ tiwa sílẹ̀. Mo ní kó máa pe "wá wò ó", ó ń pè é ní "vá vò ó", mo ní kó ká ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ná, ìgbà yẹn ló bọ́ sí i. Òun náà wá kọ́ mi ní ti inú "thank you", torí lẹ́tà odidi méjì ni wọ́n ní fún ohùn yẹn, þ àti ð, èmi tó jẹ́ pé "tánkíù" ni mo ti ń dá láti kékeré. Kí n gbé ahọ́n sáàárín eyín kí n fẹ́ atẹ́gùn. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń tutọ́ káàkiri ilé.

Ìyá Ìbejì:

Sister Gift! Ẹ gbà mí o. Ẹ wò ó, mo ti gbàgbé ti àná tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àlejò kan wá bèèrè báàgì ẹ̀ lọ́wọ́ màmá, ó ní ìdí tábìlì lòun fi sílẹ̀ sí. Màmá ò rí báàgì kankan. Dípò kó sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ó tú tiwọn sí Gẹ̀ẹ́sì gbuurugbu, "I come completely from the mountains". Lédè wọn, "ég kem alveg af fjöllum", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè dé ò lè mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílùú. Èmi ṣá, tẹ́nì kan bá ní orí òkè lòun ti ń bọ̀, àdúrà ni mo máa rò pé ó lọ gbà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó mà dáa o, ṣé ó jìnnà síbí? Màmá yíjú sí mi, ó ní kí ló jìnnà? Díẹ̀ ló kù kí àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Báàgì ọ̀hún, orí àga ló gbé e kọ́, ó fi kóòtù bò ó.