Ẹ má jẹ́ ká pè é ní àjíǹde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná dá a lábàá, níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí òyìnbó ń pè ní de-extinction, pé "àjíǹde ẹ̀yà" ni ká máa pe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Colossal kéde ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹrin ọdún 2025, pé àwọn ti dá dire wolf padà sáyé, ẹranko kan tó jọ ìkookò ńlá, tó ti run láti ohun tó lé ní 10,000 ọdún. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ìkookò aláwọ̀ eérú tó wà láyé lónìí, wọ́n tún ojú ibi 20 ṣe nínú jíìnì 14, ìyẹn apá kéékèèké nínú DNA, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ara ẹranko yóò ṣe rí. Ara DNA inú eyín àti agbárí àtijọ́ ni wọ́n ti wo 15 nínú rẹ̀. Márùn-ún yòókù, ara ìkookò aláwọ̀ eérú náà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, pé ó ń mú irun funfun. Ajá ló gbé oyún àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ilé-iṣẹ́ náà ní DNA dire wolf àti ti ìkookò aláwọ̀ eérú fi 99.5 nínú 100 jọra. Lẹ́tà DNA ìkookò lé ní bílíọ̀nù méjì. Ìdá kan nínú igba rẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ tó kù, ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ibi 20 ni wọ́n fọwọ́ kàn. Beth Shapiro, àgbà onímọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, sọ fúnra rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún náà pé ìkookò aláwọ̀ eérú tí a tún ojú ibi 20 ṣe lára wọn ni wọ́n.

Òkú tó kú gan-an ló ń jíǹde. Lásárù tí Màríà àti Màtá sin ló jáde nínú ibojì, wọn ò mú ọmọ aládùúgbò wá kí wọ́n wọ aṣọ Lásárù fún un. "Akúdàáyà" tí àbúrò wa kan mú wá náà kò bá a mu: akúdàáyà ni olóògbé fúnra rẹ̀, tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó tún fẹ́yàwó níbẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n fi Babátúndé dá mi lóhùn. Ó wọ̀ mí lára, mo rò ó títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ baba àgbà ń bẹ lára Babátúndé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé ìran dire wolf àti ti ìkookò aláwọ̀ eérú ti pínyà láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ọdún.

"Ìmújọ" ni mo mú wá: wọ́n mú ẹranko kan jọ òmíràn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ṣe, kò sì tíì gba ohun tí wọ́n ń kéde. Ó fẹ́ jọ "ìkójọ" létí, mo mọ̀. Ẹ bá mi wá èyí tó sàn jù ú.

"Ìkookò" gan-an ń fẹ́ àtúnṣe. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ní Kubwa níbí béèrè bóyá kura tí àwọn Hausa ń fi ṣẹ́ẹ̀nì fà káàkiri ìlú ni. Kò jẹ̀bi, nítorí kura yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìkookò, Bíbélì ló sọ ọ́ di tàwọn òyìnbó. Kura ò sì bá ajá tan, ìran ológbò ló sún mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ "ìkookò òyìnbó", bí a ti ń sọ ọ̀pẹ òyìnbó.

Ọmọ yẹn náà ló ní bí erin Yankari bá tán, wọ́n á jí wọn dìde. Rédíò ló ti gbọ́ "jíǹde" yẹn. Mo ní kó jókòó, mo sì ya ìkookò méjì sójú pátákó, mo fi àmì 20 sára ọ̀kan.