Báwo ni ọkàn yín ṣe ń lù tí ẹ bá sinmi, àti lẹ́yìn tí ẹ bá sáré? Ẹ sọ tiyín

Oníkẹ̀kẹ́:
Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù láàárọ̀ kó tó dìde lórí ibùsùn, tó sì tún kà á lẹ́yìn tó sáré tàbí tó gun àtẹ̀gùn, kó wá sọ ohun tó rí. Tèmi rèé, iye ìgbà tó lù láàárín ìṣẹ́jú kan: 62 láàárọ̀, 148 nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, 110 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ìka ni mo fi kà á, n ò lo ẹ̀rọ.

Ọmọ Sáré:
46 láàárọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò tíì kú.

Jókòójẹ́ẹ́:
46 kẹ̀? Ṣé ọkàn nìyẹn àbí aago ògiri tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán?

Ọmọ Sáré:
Hahaha. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ọkàn tó bá ti mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ lára máa ń lágbára. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀, kò sídìí tó fi máa lù kìkìkì. Wọ́n ní ti Miguel Indurain, ará Sípéènì tó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France lọ́dọọdún láti 1991 dé 1995, máa ń wá sílẹ̀ dé 28.

Àyìnlá:
28! Irọ́ funfun báláú.

Ọmọ Sáré:
Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ti àwọn eléré ìdárayá máa ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 la máa ń retí. Àmọ́ tí ẹni tí kì í ṣe eré kankan bá ní 46, tí òòyì sì ń kọ́ ọ tàbí tó ń dákú, kó tètè wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn oògùn bíi propranolol àti atenolol náà máa ń dín in kù, ẹ má fi iye ẹni tó ń lò wọ́n díwọ̀n tiyín.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n fún àwọn ìbejì mi níṣẹ́ àṣetiléwá, pé kí wọ́n ka ìlù ọkàn gbogbo ará ilé, kí kálukú fò sókè fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì tún un kà. Ilé dàrú. Táyé ń fò lórí àga, bàbá wọn fò díẹ̀ ó ní orúnkún ń dun òun. Ó wá kan màámi. A ní kí wọ́n má fò, kí wọ́n ṣáà na ọwọ́. Kẹ́hìndé di ọwọ́ wọn mú, ó ń kà, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wá ní, "Mọ́mì, ti màmá àgbà kì í lọ déédéé."

Èmi náà gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ wọn, níbi tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ó lù méjì, ó dákẹ́. Ó lù mẹ́ta wéréwéré léra wọn, ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ọ̀kan tó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí n má mọ̀ ọ́n. A gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó kọ 84 fún ìlù ọkàn wọn. Màámi ní, "Ṣé ẹ rí i? Ara mi le." 84 dáa lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ìka mi gbọ́ kò dáa. Nílé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ wọn láyà, ìwé jáde: atrial fibrillation, ìyẹn kí ọkàn máa lù ségesège. Dókítà ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kó gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n ń lò báyìí.

Oníkẹ̀kẹ́:
Yéè. Ọmọ ọdún mélòó ni Kẹ́hìndé?

Ìyá Ìbejì:
Mẹ́sàn-án. Ó ti ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, a ò gbádùn mọ́.

Àdùkẹ́:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ di ọwọ́ ìyá ọkọ mi mú ni. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń wá.

Àyìnlá:
Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ ò rí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Iye lásán ni ẹ̀rọ ń kọ. Àwọn tuntun kan máa ń gbé àmì jáde tí ìlù kò bá lọ déédéé, ẹ lọ wo tiyín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ka ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹ wá fi 4 ṣe ìlọ́po rẹ̀ o. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé.

Tíṣà Báyọ̀:
Irú iṣẹ́ yẹn ni mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àtàǹpàkò ni wàhálà wọn. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀, ọmọ á di ọwọ́ ẹlòmíì mú, á máa ka ti ara rẹ̀. Ìkejì, wọ́n á fò tán, wọ́n á wá máa wá ibi tó ń lù kiri. Kí wọ́n tó rí i, ọkàn ti rọlẹ̀. Ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó fò. Tó bá jẹ́ ọrùn lẹ fẹ́ lò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ má tẹ méjèèjì pọ̀.

Àyìnlá:
Gbogbo làálàá yìí, nígbà tí aago ọwọ́ wà! Mo wo tèmi, ó ti kọ ọ́.

Ọmọ Sáré:
Tí ẹ bá jókòó, ó dáa. Tí ẹ bá ń sáré, tí okùn rẹ̀ sì dẹ̀, iná àwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sọnù, á wá máa ka ẹsẹ̀ yín dípò ọkàn. Tèmi kọ 175 níbi tí mo ti ń sáré tí mo sì ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àyà ló ṣeé gbára lé.

Àyìnlá:
Aago tèmi kì í parọ́.

Jókòójẹ́ẹ́:
Ṣé èyí tó ní o sùn wákàtí mẹ́jọ lóru àná, tó o sì ń bá wa jiyàn níbí títí ilẹ̀ fi mọ́?

Bàbá Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 63 ni mí. Wọ́n ní kí n yọ ọjọ́ orí mi kúrò nínú 220, ó jẹ́ 157, pé ọkàn mi kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn, mo rí 171. Ṣé mo ti kú ni?

Tíṣà Báyọ̀:
Ẹ kò kú, sà. Ìṣirò àfojúdá ni. Èyí tí olùṣèwádìí kan, Tanaka, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001 ni pé kí ẹ fi 0.7 ṣe ìlọ́po ọjọ́ orí yín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 208. Tiyín á jẹ́ nǹkan bí 164. Ìyẹn náà kò bá gbogbo èèyàn mu. Tẹnìkan lè fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá, ṣé àyà kò dùn yín? Ṣé èémí kò há?

Bàbá Àgbà:
Rárá. Ìyàwó mi nìkan ló ń pariwo.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ gbọ́ tiwọn, kí dókítà sì yẹ̀ yín wò kí ẹ tó tún gùn ún. Lẹ́yìn eré, ẹ wo bó ṣe ń rọlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fi hàn pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá fi ju 12 lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Àdùkẹ́:
Tèmi fi 9 lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Tí ara yín bá gbóná, tí omi kò tó lára, tàbí tí ẹ mu kọfí, ó lè má tètè rọlẹ̀. Ẹ tún un kà. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Àyìnlá:
Mo fi ìka ka tèmi báyìí. Ìka ní 71, aago ní 73. Ẹ sọ̀rọ̀ ná!

Jókòójẹ́ẹ́:
Ìyẹn lórí àga. Dìde kó o sáré.

Àyìnlá:
Òjò ń rọ̀.