Ẹ̀yin gólì, ẹ̀yin tí ẹ mọ gólì, ẹ wá sọ tiyín (Armani ló fà á)

Gólì Mushin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, tí Nàìjíríà àti Argẹntínà pàdé ní World Cup, ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa kún fọ́fọ́. Gólì Argẹntínà jáde, mo ní ta ni bàbá yìí? Àṣé Caballero, gólì wọn tẹ́lẹ̀ tó gbé bọ́ọ̀lù fún Rebić ọmọ Croatia lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Croatia, ni wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n wá mú Franco Armani wọlé. Ọmọ ọdún 31, kò tíì gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, orí wa ló ti wá bẹ̀rẹ̀! Nígbà tí mo wádìí ni mo rí i pé ó ti wà ní kíláàbù Ferro, ó sì lọ sí kíláàbù Deportivo Merlo ní 2008, nígbà tí Merlo wà ní ìpele kẹta líìgì Argẹntínà. Èmi náà ṣọ́lé fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò kúrò lórí iyanrìn. Ẹni tó bá ti bá irú àwọn gólì bẹ́ẹ̀ pàdé, kó wá sọ ọ́.

Ọmọ Ìyá Alákàrà
Rojo, ẹni ẹ̀yìn Argẹntínà, fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì fún wa ní pẹ́nárítì. Mo ti sọ tèmi.

Bàbá Tòlú, Buenos Aires
Gólì Mushin, o rántí Merlo! Ọdún kọkànlá mi rèé níbí. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo wọ ọkọ̀ ojú irin Sarmiento ní ibùdókọ̀ Once, níbi tí àwọn ọmọ Senegal ti ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, ó di Merlo. José Manuel Moreno ni wọ́n fi sọ pápá náà, ìràwọ̀ River Plate, kíláàbù ńlá níbí, láyé 1940 sí nnì. Ẹ má rò pé pápá ńlá ni o. Wáyà ni wọ́n fi yí i ká, àwọn èèyàn á rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ilé tí gólì ń ṣọ́, gólì á sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí nípa ìyá rẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n lé alátìlẹ́yìn àlejò kúrò ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ nítorí ìjà, ó wá di pé àwọn ará ilé rẹ gan-an ló ń bú ọ.

Lẹ́yìn eré, mo bá gólì kejì wọn níbùdókọ̀, tó so ìbọ̀wọ́ mọ́ báàgì kó lè gbẹ. Mo ní Nàìjíríà ni mo ti wá, ó pariwo "Okocha!" Ìka rẹ̀ kékeré tẹ̀ bí ìwọ̀. Ó ní tí àwọn bá ti ṣe ìdánrawò tán, òun á lọ bá àna òun lẹ táìlì. Ó ní ẹni tó ń gbá iwájú, bí kò bá ráyè lápá ọ̀tún, á lọ sí òsì. Gólì ńkọ́? Ilé kan ṣoṣo ló wà. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá ṣèṣe, ìwọ á kàn máa jókòó títí ọdún á fi yípo.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe gólì. Bàbá wa a máa ní, "Ẹni tí kò lè sáré ni wọ́n ń fi sílé." Ìbọ̀wọ́ tí bàbá fi ń gun alùpùpù ló máa ń jí lọ, òjò á pa á, ẹgba á sì sọ̀ kalẹ̀. Ní àṣekágbá kan, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Géètì. Ó ti di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí o, Alàgbà Géètì náà ni wọ́n ń pè é.

Gólì Mushin
Alàgbà Géètì! Ẹ ti pa mí.

Káyọ̀dé Ẹ̀gbá
Ẹ dákun, ọmọ ìpele kẹta, báwo ló ṣe dé World Cup? Ó lẹ́ni tó tì í lẹ́yìn ni.

Bàbá Tòlú, Buenos Aires
Ta ló tì í? Merlo gòkè ní 2009. Ní 2010 ó lọ sí Atlético Nacional ní Kòlóńbíà, bẹ́ǹṣì náà ló tún bá níbẹ̀. Ní 2012, iṣan orúnkún rẹ̀ já. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kí River tó pè é ní 2018, ó sì ti gba Copa Libertadores, ife àwọn kíláàbù South America, ní 2016 kó tó kúrò. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí River já sí ìpele kejì ní 2011, Merlo àti Ferro wà nínú líìgì tí wọ́n bá. Armani ti lọ láti ọdún tó ṣáájú. Ká ní ó dúró ni, River ì bá wá bá a nílé.

Ọmọ Ìyá Alákàrà
Ìyẹn ò ní kí Rojo má fọwọ́ kàn án.

Rẹfirí Àná
Orí ara rẹ̀ ló fi kàn án sọ́wọ́. Rẹfirí Çakır lọ wo fídíò VAR, ó sì padà láì fún wa. Ṣebí Ighalo wà níwájú ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, síbẹ̀ kò wọlé. Nígbà tó tún kù díẹ̀ kí eré parí, Ighalo àti gólì nìkan ló kù, Armani jáde, ó dí i pa. Ìyẹn ló yẹ ká máa sọ.

Ọmọ Ìyá Alákàrà
Ẹ̀yin rẹfirí, ọ̀kan náà ni yín.

Títí Peckham
Ẹ má gbàgbé Emi Martínez, gólì Argẹntínà tó gba World Cup ní oṣù Kejìlá 2022. Ọmọdé ló wà tí Arsenal mú un, wọ́n yá a fún Oxford, wọ́n yá a fún Rotherham, wọ́n yá a títí. Ọkọ mi lọ wò ó ní Reading, ó ní gólì yìí ò lè débì kankan. Tí oṣù Kejìlá bá ti pé, mo máa ń rán an létí.

Káyọ̀dé Ẹ̀gbá
Enyeama ju àwọn méjèèjì lọ. Ní 2010, Messi gbá a, gbá a, kò wọlé.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Heinze, ọmọ Argẹntínà, wá fi orí kan tiẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ti pàdé wọn ní World Cup, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n nà wá. Ẹ jẹ́ ká jẹun.

Gólì Mushin
Bàbá Tòlú, ọmọ ìbùdókọ̀ yẹn, ṣé ó padà gbá?

Bàbá Tòlú, Buenos Aires
Mo tún lọ lẹ́yìn oṣù méjì. Orí bẹ́ǹṣì ló wà, nọ́ńbà 12. Ó kù bíi ogún ìṣẹ́jú, gólì àkọ́kọ́ ṣubú, ó di itan mú. Ọmọ náà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fò sókè sódò. Gólì àkọ́kọ́ dìde, ó gbọn ẹsẹ̀, ó ń bá eré lọ. Ọmọ náà rọra gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀ padà.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Yéè!

Ọmọ Ìyá Alákàrà
Ìka yẹn ńkọ́, ṣé ó ti nà?