Káàdì CNA mi (ìwé ẹ̀rí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà) ti kú, wọ́n ní kí n padà sí kíláàsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dára
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ọmọ, nítorí owó tí wọ́n ń gbà láti bá èèyàn wo ọmọ lọ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó tí mò ń gbà mì. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Ká gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ̀yìn máa ro ni, kí nọ́ọ̀sì tí ò ju àbúrò ẹni lọ máa pariwo mọ́ni. Mo fara dà á.

Báyìí tí ọmọ ti wọ iléèwé, mo lọ wá iṣẹ́ sí nọ́sìn hóòmù kan tí kò jìnnà sílé wa. Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ń rẹ́rìn-ín, ó ní irú mi làwọn ń wá. Àfi ìgbà tó tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọjọ́ káàdì mi ti kọjá, kí n lọ gba kíláàsì tuntun kí n sì tún ìdánwò ṣe. Èmi tí mo ti wẹ arúgbó títí ọwọ́ mi fi ń bó! Ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí mi pé káàdì fẹ́ kú. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, kí n lọ bá wọn kó ẹrù ní wíàháòsì. Ṣé lóòótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Bùsọ́lá
Ẹ kú ìnira, ma. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ìpínlẹ̀ wo lẹ wà? Ìgbà wo lẹ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú gbẹ̀yìn tí wọ́n sanwó fún yín?

Ẹ̀gbọ́n Múfú
Ìyàwó mi náà jẹ irú ìyà yìí ní California. Wákàtí 160 ni kíláàsì tiwọn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 75 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ní kó kéré jù. Mò ń wakọ̀ gbé e lọ, mò ń wakọ̀ gbé e bọ̀. Ọjọ́ ìdánwò, ó gbàgbé láti ti bíréèkì kẹ̀kẹ́ arúgbó kó tó gbé e dìde, wọ́n sì já a. Obìnrin tó ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́! Ó sunkún títí a fi délé. Ṣùgbọ́n ó padà yege. Ẹ lọ ṣe é, ma, kò lè pa yín.

Àǹtí Rónkẹ́
Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Ọdún méjì méjì là ń tún káàdì ṣe, ó sì wà lára káàdì. Ẹ ò kí ń wo ọjọ́ tí ìwé yín máa kú? Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù ni, ẹ máa wò ó. Ẹ lọ gba kíláàsì, kẹ́ ẹ yéé dá ọkọ tó ń wá nǹkan ṣe lóhùn.

Ìyá Dára
Àǹtí Rónkẹ́, ẹ ṣé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọjọ́ ẹ̀ dáadáa ni. A kó kúrò nílé tí wọ́n mọ̀ mí sí ni, ibẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ. Ta ló máa ń rántí lẹ́tà ìjọba nígbà tó ń kó ẹrù tó sì gbé ọmọ pọ̀n?

Kíákíá Dókúmẹ́ǹtì
Kò sí wàhálà. Mo lè bá yín jí káàdì náà dìde láàárín ọjọ́ méjì, láìsí kíláàsì, láìsí ìdánwò. Ẹ wá bá mi ní inbọ́ọ̀sì.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má lọ síbẹ̀ o! Ojú íntánẹ́ẹ̀tì ni rẹ́jístìrì ìpínlẹ̀, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn CNA, wà, gbogbo agbanisíṣẹ́ ló lè yẹ̀ ẹ́ wò láìsan kọ́bọ̀. Ìwé tí ọkùnrin yìí bá tẹ̀ fún yín, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa wò. Alákòóso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e jáde.

Kẹ́ ẹ sì tó fi owó yín san kíláàsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́sìn hóòmù yẹn bóyá àwọn ló máa san án. Níbi tó bá ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ìyẹn owó ìtọ́jú tí ìjọba ń san, òfin ò gbà kí wọ́n gba owó kíláàsì tàbí ti ìdánwò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ tàbí tí wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ fún. Ẹni tó bá tiẹ̀ fi owó ara rẹ̀ san án, tí irú ibẹ̀ sì gbà á síṣẹ́ láàárín oṣù 12, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò bó ṣe máa rí owó náà gbà padà. Èmi ò mọ̀ nígbà tèmi, àpò mi ni mo fi san gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú
Ìyá Ìbejì, ẹ ò sọ èyí fún wa nígbà yẹn!

Bùsọ́lá
Ìyá Dára, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Dára
Texas ni. Mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn, ma. Wọ́n ní àwọn máa san owó kíláàsì, àmọ́ kí n fọwọ́ sí ìwé pé n óò bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kí n wá fọwọ́ sí i. Wákàtí 100 ni wọ́n pè é. Ta ló máa mú Dára níléèwé?

Bọ̀dé Houston
100 ni Texas lóòótọ́, 60 nínú kíláàsì, 40 lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ẹ fọwọ́ sí i kíá. Iṣẹ́ ò sí níta báyìí.

Bùsọ́lá
Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun tí òfin sọ rèé: tí oṣù 24 bá ti tẹ̀ léra tí èèyàn ò ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kankan gbowó, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ní kó tún kíláàsì gbà tàbí kó tún ìdánwò ṣe. Ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ kan bá mú nínú méjèèjì, òun ni wọ́n ń tọ̀. Ọjọ́ tí káàdì kú yàtọ̀ sí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbowó iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọdún mẹ́ta yìí, ẹ ò ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kankan rárá?

Ìyá Dára
Mo bá ìyá arúgbó kan ṣe nílé rẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fún mi lówó lọ́wọ́.

Bọ̀dé Houston
Ó ti parí! Owó ni wọ́n san, iṣẹ́ ìtọ́jú ni. Ó kà.

Ìyá Ìbejì
Kò kà ní ìpínlẹ̀ tèmi o. Nọ́ọ̀sì wo ló máa fọwọ́ sí i? Ìwé owó orí wo ló máa jẹ́rìí ẹ̀? Mo gbé irú ẹ̀ lọ, wọ́n dá a padà.

Bọ̀dé Houston
Ìpínlẹ̀ tiyín kọ́ là ń sọ.

Àǹtí Rónkẹ́
Ẹ wò ó, kíláàsì ni. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Dára
Ẹ má jà nítorí mi. Ìyá yẹn ti kú ná, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Yàtọ̀ sí ìyẹn, PRN (kí wọ́n pe èèyàn nígbà tí wọ́n bá nílò ẹ̀) nìkan ni mò ń ṣe, ìyẹn ò sì jẹ́ iṣẹ́. Ní Georgia ni, ká tó kó wá síbí. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń pè mí ní Sátidé tẹ́nì kan ò bá wá. Ó parí ní ìparí ọdún tó kọjá nígbà tí èmi àti olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó ní mo pẹ́ dé. Yìnyín bo gbogbo títì lọ́jọ́ yẹn!

Ìyá Ìbejì
Háà!

Bùsọ́lá
Ìyá Dára! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́ta! Ṣé káàdì Georgia ló kú, tí kì í ṣe ti Texas?

Ìyá Dára
Georgia ni. Mi ò gba ti Texas rí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀, irọ́ kọ́ ni mo pa. Sátidé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń sọ yìí.

Bùsọ́lá
Sátidé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà ni iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ò béèrè ju wákàtí 8 lọ láàárín oṣù 24 yẹn. Ṣíìfù kan péré! Ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Rẹ́jístìrì Georgia lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tún káàdì ibẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun. Tó bá ti jí padà, ẹ wá gbé e wá sí Texas. Texas máa ń gba CNA láti ìpínlẹ̀ mìíràn láìsí ìdánwò, àmọ́ káàdì náà gbọ́dọ̀ wà láàyè kó sì mọ́. Òkú káàdì kì í ré kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Àǹtí Rónkẹ́
Kí ló dé tí ò sọ ọ́ látàárọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Múfú
Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ ti sọ tiyín.

Ìyá Dára
Bùsọ́lá, ẹ ṣé púpọ̀. Àmọ́ ibi iṣẹ́ mi ní Georgia ló máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé mo ṣiṣẹ́, àbí? Mi ò lè pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ láéláé.

Ìyá Ìbejì
Ta ní kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́? Ẹ pe àwọn tó ń ṣètò owó oṣù. Kẹ́ ẹ sì wá W-2 yín jáde, ìwé owó orí tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́.

Ìyá Dára
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣètò owó oṣù.

Àǹtí Rónkẹ́
Ọmọ yìí, pè wọ́n! Ṣé ẹnu rẹ ni wọ́n fẹ́ gé?

Ìyá Dára
Mo ti pè wọ́n. Ó dùn mọ́ mi pé ẹlòmíì ló gbé e, ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan. Ó ní òun rí orúkọ mi àti gbogbo Sátidé yẹn, kí n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Orúkọ bàbá mi ló wà lọ́dọ̀ wọn o, ti ọkọ ló wà lórí káàdì. Ṣé ìyẹn ò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Bùsọ́lá
Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó tì í. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ará Mọ́ńdè pé kí wọ́n fún yín láyè díẹ̀, pé ẹ̀ ń tún káàdì ṣe. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ọdún kan yẹn.